Lábẹ́ Olúmọ ni Eré Wa ti Bẹ̀rẹ̀

Tí ẹ bá ń ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ẹ gbọ́ tèmi, ọkọ̀ ojú irin ni kí ẹ wọ̀. Láti ọdún 2021 ni ti ìgbàlódé yìí ti ń gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Ní ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson, ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ni a ti wọ̀ ọ́; ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká, ní Ládérin, ni a ti bọ́ sílẹ̀. Kò sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, kò sí kọ̀ndọ́ tó ń pariwo sí yín létí. Àwọn ọmọ mi méjèèjì, obìnrin ọmọ ọdún 11 àti ọkùnrin ọmọ ọdún 8, lẹ imú mọ́ fèrèsé títí a fi dé. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Ṣúrùlérè, bá wa lọ. Ó di mọ́ínmọ́ín sínú kúlà bí ẹni tó ń lọ sí Sókótó.

A ò lọ torí fàájì nìkan. Mo ń wá ìlú tí ìtàn kan máa ti ṣẹlẹ̀.

Ní ilé wa ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ méje ló máa ń jókòó yí tábìlì oúnjẹ wa ká ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Méjì ni tèmi. Àwọn yòókù jẹ́ ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, láti ọmọ ọdún 8 dé 12. Eré tí a ń ṣe ni irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, gbé jáde ní 1974 tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n: ẹnì kan ni adarí, òun ló ń ròyìn ibi tí ẹ wà àti ohun tó ń bọ̀. Àwọn yòókù, oníkálukú ní ẹ̀dá tirẹ̀ nínú ìtàn, ó lè jẹ́ ọdẹ, alágbẹ̀dẹ, oníṣègùn tàbí onílù. Adarí á ní, "Ẹ dé etí odò, afárá ti já. Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Ọmọ á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, á ju dáìsì olójú ogún, iye tó bá jáde ló máa sọ bóyá ó bọ́ sí i. Kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí kọ̀ǹpútà. Ẹnu àti etí ni. Ó dà bí àlọ́ tí àwọn tó ń gbọ́ ọ ń bá apàlọ́ pa.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ lè rò pé mo kàn fẹ́ràn nǹkan tó ní òfin àti nọ́ńbà ni. Òótọ́ ni, díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń lo Sátidé mi báyìí ni pé ọmọ tí kì í dá mi lóhùn ní Yorùbá nídìí oúnjẹ, ó ń fi Yorùbá bẹ oníbodè pé kó jọ̀ọ́ kó ṣílẹ̀kùn ìlú. Tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́, oníbodè ò gbọ́. Òfin tèmi nìyẹn.

Ohun tó kù ni ilẹ̀ tí a óò máa tẹ̀. Àwọn ìwé eré tó wà lórí àtẹ kún fún ilé olódi, yìnyín àti drágónì. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n lọ ka Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti 1938, àti Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, tó gbé The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952. Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Mò ń ka Fágúnwà ní ojú ewé méjì lójúmọ́ pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí mo ti lé ní ọmọ ọdún 25 kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè yìí fúnra mi. Àmọ́ igbó inú ìwé ò ní òórùn. Mo fẹ́ ibi tí ọmọ lè fọwọ́ kàn, kó tó wá padà sídìí tábìlì wá fi ẹnu ròyìn rẹ̀ fún àwọn tí ò débẹ̀.

Ìkíjà ni Olúmọ wà. Tí ọkọ̀ bá ti yà síbẹ̀, òkúta náà á kàn yọ láàárín òrùlé páànù tó ti dípẹtà, bí àgbàlagbà tó jókòó sáàárín ọmọdé. Wọ́n ní gíga rẹ̀ tó mítà 137 sí ojú òkun. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ni kí ẹ gbà tí orúnkún yín bá gbà fún yín. Ẹni tó mú wa káàkiri, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan náà tó ń sọ lójoojúmọ́, kọ́kọ́ mú wa wọ abẹ́ àpáta.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yí padà fún mi. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká nínú igbó wọn, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn wá síbí ní 1830, abẹ́ òkúta yìí ló sì fi wọ́n pamọ́. Orúkọ ìlú náà àdírẹ́sì ni: níbo lẹ wà? Abẹ́ òkúta. Àjà ihò náà rẹlẹ̀ débi pé èmi ò lè nàró. Nílẹ̀, kòtò róbótó-róbótó wà lójú òkúta. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ nǹkan, tí wọ́n ti ń gún un. Ẹ ronú sí i ná: àwọn èèyàn sá fún ogun wá síbí, wọ́n sì ṣì gbọ́dọ̀ wá nǹkan fún ọmọ jẹ lálẹ́.

Ọmọkùnrin mi dùbúlẹ̀ sórí òkúta tútù náà, ó wo òkè. Ó ní, "Dádì, tí a bá sá pamọ́ síbí, tí wọ́n wá ń wá wa, ṣé wọ́n máa gbọ́ tí mo bá wúkọ́?"

Mo kọ ọ́ sórí fóònù mi lójú ẹsẹ̀. Eré ni ìbéèrè yẹn. Bí a ṣe ń ṣe é báyìí nìyí, ẹ lè jí i lò: nígbà tí wọ́n bá wà nínú ihò, igbá kan á wà láàárín tábìlì. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ sókè, àní tó bá rẹ́rìn-ín, òkúta wẹ́wẹ́ kan á bọ́ sínú igbá. Tó bá pé méje, ọ̀tá ti gbọ́. Ọmọ méje tí kì í panu mọ́ ní ilé ìwé á wá máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú.

Ojúbọ Olúmọ wà lókè díẹ̀. Ẹni tó ń mú wa lọ ní kí á má tíì ya fọ́tò, ó ní a ó kọ́kọ́ gbàṣẹ. Ìyá àgbà kan jókòó sí ìtòsí. Àǹtí mi, ìyá ìjọ ni, ẹni tí kì í fi ìsọ́ òru ṣeré, kúnlẹ̀ kí ìyá náà dáadáa, ó béèrè ará ilé, ìyá náà súre fún un, àmọ́ Àǹtí ò kọjá orí àtẹ̀gùn. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kúlà rẹ̀ títí a fi ṣe tán. Ìyá àgbà ò bi í ní ìdí, ẹnikẹ́ni ò fà á lọ́wọ́. Ohun kékeré ni, ó lè má tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n mo padà rántí rẹ̀ gidigidi, ẹ ó rí i.

Láti orí òkúta, gbogbo ìlú ló tẹ́ sílẹ̀: odò Ògùn, mọ́ṣáláṣí, ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ ní Aké. Ẹni tó ń mú wa káàkiri sọ̀rọ̀ Àjàyí Crowther. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ orúkọ náà, ó lè jẹ́ torí Bíbélì nìkan. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ọmọ bí ọdún 13 ni. Wọ́n tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ó di àlùfáà. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, lọ́dún yẹn náà ni ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ọmọ òun wà níbẹ̀, ó sì wá a wá. Ọdún 25. Crowther fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn kàn ń wo ara àwọn láìsọ̀rọ̀.

Mo ní, hẹn, ìtàn nìyí. Lẹ́yìn náà ni mo wo àwọn ọmọ mi tí wọ́n ń du omi inú ike mọ́ra wọn lọ́wọ́, mo wá ń rò ó pé báwo ni èèyàn ṣe ń gbé ìkónilẹ́rú wá sídìí tábìlì níwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mi ò fẹ́ fi pamọ́. Àwa tí a dàgbà níbí mọ bó ṣe ń rí tí ilé ìwé bá sọ ìtàn wa tán ní ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò sì fẹ́ kí ó di ohun ìṣeré, kí ọmọ ẹnì kan máa ju dáìsì bóyá wọ́n máa mú ìyá òun.

Àwọn àgbà tó ń ṣe eré yìí ti bá irú ọ̀rọ̀ báyìí jìjàkadì tipẹ́, wọ́n sì ti ṣe irinṣẹ́ ààbò fún un. Àkọ́kọ́ ni ìpàdé tí a ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní session zero: kò sí dáìsì, a kàn ń sọ irú ìtàn tó máa jẹ́ àti ohun tí a ò fẹ́ nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ron Edwards, ẹni tó ṣe eré Sorcerer, pín ohun tí a ò fẹ́ sí méjì. Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn rárá. Àwọn kan lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ a ò ní wò ó. A ó fa aṣọ bò ó, a ó kọjá. Lines àti veils ni orúkọ tó sọ wọ́n.

Nígbà tí mo ń wá orúkọ tí àwọn ọmọ máa fi pè é ní Yorùbá, ẹ̀rín ló pa mí, torí ó ti wà nílẹ̀ ṣáájú eré kankan. Èkíní ni èèwọ̀. Ilé yìí kì í jẹ eléyìí, ìdílé yẹn kì í jẹ tọ̀hún. Tí àlejò bá ní èèwọ̀ òun ni, wọ́n á gbé abọ́ yẹn kúrò, wọ́n á gbé òmíràn wá, kò sí ẹni tó máa ní kó kọ́kọ́ ṣàlàyé. Èkejì ni ìbòjú, èdè wa sì kún fún un. Ọba ò kú, ó wàjà. Lálẹ́, a kì í pe ejò ní ejò, okùn ni. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí wa ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, mo rò nígbà yẹn pé ọ̀rọ̀ àṣírí ilé nìkan ni.

Irinṣẹ́ kẹta ni ti John Stavropoulos, X-Card: páálí kékeré kan tí wọ́n kọ X sí, ó wà láàárín tábìlì. Tí ohunkóhun bá ba èèyàn lọ́kàn jẹ́ láàárín eré, á fọwọ́ kan páálí náà, a ó fo ibẹ̀, kò sí àlàyé. Lójú tèmi, òun ló wúlò jù fún ọmọdé, torí ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já kì í rí ọ̀rọ̀ sọ lásìkò yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ ìwé tí ẹ lè kà fúnra yín, Monte Cook Games gbé Consent in Gaming jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2019, fọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀ tí ẹ lè kún. Àgbàlagbà ni wọ́n kọ ọ́ fún o, ẹ kà á kí ẹ tó gbé e sílẹ̀ níwájú ọmọ.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ látorí Olúmọ, a yà sí Ìtòkú, kò jìnnà. Ọjà àdìrẹ ni, ẹ mú owó dání, ẹ sì mú ẹni tó mọ̀ ọ́n ná dání; Àǹtí mi gé owó tí wọ́n pè sí ìdajì kí n tó ya ẹnu. Ìyá kan tí a ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí i pé ọmọbìnrin mi ń wo iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ láìṣẹ́jú, ó pè é mọ́ra. Ó ní ọ̀pọ̀ ló ń lo àbẹ́là yíyọ́ báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tiwọn, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń sè, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára aṣọ, kí wọ́n tó rì í sínú aró.

"Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọbẹ̀," ó sọ fún un.

Ọmọ mi ronú díẹ̀. "Ẹ mà, ṣé ibi tí ẹ ò fẹ́ kó dúdú lẹ máa ń kọ́kọ́ kọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á kàn dúdú ni, kí lo máa rí níbẹ̀?"

Ó fún un ní àjákù kan, kò gbowó. Àjákù yẹn la ń lò bí X-Card wa báyìí. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Nígbà tí a padà dé Thamesmead, a ṣe ìpàdé wa. Mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé, kò sí orúkọ lórí rẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ èèwọ̀ wọn sí i, ní èdè tó bá wù wọ́n. Mo ti bá àwọn òbí sọ tiwọn lórí fóònù ṣáájú. Aláǹtakùn jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá kan ní ọmọ òun lè ṣeré o, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ bọ òrìṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ nínú ìtàn. Bàbá kan ní tòun ni pé kí ẹnikẹ́ni má sọ òrìṣà di abàmì tí ọmọdé á máa fi idà gún. Mo rántí Àǹtí mi lórí àtẹ̀gùn. Ojúbọ wà nínú ìlú wa. Ẹni tó ń kọjá á kí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó wọlé, kò sí ẹni tó bá a jà. Àwọn òbí méjèèjì gbà.

Ti Dàhòmì gba sùúrù díẹ̀. Àwọn ọmọ ti wo The Woman King, wọ́n fẹ́ jẹ́ Agojie. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Abẹ́òkúta, Dàhòmì ni ọ̀tá tó wá jagun ní 1851 àti 1864, àwọn obìnrin náà sì wà nínú ogun. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, ará Kútọnu ni. Mo pinnu pé nínú ìtàn wa, ọmọ ogun Dàhòmì kọ̀ọ̀kan tó bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti ẹni tó ń dúró dè é nílé. Ó ń gba àkókò. Ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ìjà di ìjíròrò.

Ìwé pélébé kan ṣẹ́kù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n má mú mọ́mì tàbí dádì ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ mọ irú ìlú tí a ń gbé. Lẹ́tà ìwé àṣẹ ìgbélùú lè dé sílé ẹnikẹ́ni. Dádì ẹlòmíràn wà ní Nàìjíríà láti ọdún mẹ́ta. Mo lè fi ìkọ̀wé mọ ẹni tó kọ ọ́ tí mo bá wò ó dáadáa. Mi ò wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi í sápò, mo ya á nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mi ò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òbí kankan lẹ́nu ọ̀nà.

Ìbẹ̀rẹ̀ tí mo ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, òru ọjọ́ tí àwọn akónilẹ́rú wọ abúlé, mo yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ìtàn wa bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní 1846. Ìkónilẹ́rú ti ṣẹlẹ̀, gbogbo ará ìlú mọ̀ ọ́n, ó wà lẹ́yìn aṣọ. Láti 1839 ni àwọn Sàró ti ń padà wálé, tí kálukú ń wá ẹni rẹ̀. Àwọn ọmọ méje yìí, amọ̀nà ni wọ́n nínú ìlú náà: wọ́n mọ gbogbo àdúgbò, wọ́n mọ oríkì, wọ́n mọ ilà ojú, wọ́n ń bá àwọn tó padà dé wá èèyàn wọn. Ká sòótọ́, ó dùn ju èyí tí mo ti kọ lọ. Ọmọ tó fẹ́ wá ẹbí ẹlòmíràn rí gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń béèrè oríkì.

Bàbá kan sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kẹ́ àwọn ọmọ yìí jù. Ìyá ìyá mi pa àlọ́ tó burú ju gbogbo èyí lọ fún wa, a ò kú." Mo bi í pé kí ni ìyá àgbà máa ń ṣe tí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó máa ń sáré gbé orin ni.

Nínú ìjókòó mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọwọ́ ti kan àjákù àdìrẹ yẹn. Lẹ́ẹ̀kan, mò ń ròyìn òórùn ẹran jíjẹrà, ẹnì kan ò fẹ́ gbọ́. Lẹ́ẹ̀kan, ọmọkùnrin mi ni, nínú ihò, nígbà tí òkúta wẹ́wẹ́ ti di mẹ́fà nínú igbá. Mo kàn ní, "Ó dáa. Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀tá ti lọ." Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní bísíkíìtì, eré ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ tó fọwọ́ kàn án ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ó ń ṣiṣẹ́.

Sátidé tó kọjá, wọ́n rí ìyá kan tí wọ́n ti ń wá láti ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Sàró tí wọ́n ń mú káàkiri, wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọbìnrin mi bẹ̀bẹ̀ pé kí n jẹ́ kí òun jẹ́ ìyá náà. Mo ròyìn ọjà Ìtòkú, mo ròyìn òórùn aró, mo ní obìnrin kan yí padà. Lẹ́yìn náà mo dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn wo ọmọbìnrin mi, ẹnu ò gbà á sọ. Kò sí ẹni tó ju dáìsì. Ó pẹ́ díẹ̀, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wo àjákù àdìrẹ láàárín tábìlì, àmọ́ ọwọ́ kankan ò lọ síbẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"